Ṣé Ó Yẹ Ká Tún Kòtò Kùsà Bùkúrù Ṣí?

A mọ̀ pé ìtàn, ewì, òwe àti àríyànjiyàn lórí àmì ohùn lẹ máa ń bá níbí. Lọ́tẹ̀ yìí, ìṣirò owó la gbé wá. Ẹ má sá lọ. Àwa náà kò fẹ́ràn ìṣirò, ó tilẹ̀ wà lára ohun tó gbé wa dé ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ìyá ọ̀kan nínú wa ni, ọ̀rọ̀ náà kò sì gba eré.

Àwa mẹ́rin la jọ ń kọ èyí. Ọ̀kan nínú wa, Bùkúrù ní ẹ̀gbẹ́ Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ ní Jọ́ọ̀sì bí ẹni pé ibẹ̀ ni àdúgbò wọn kejì. Bàbá àgbà rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sókè ọya, ó ń ta aṣọ fún àwọn tó ń wa kùsà. Nígbà tí owó dọ́wọ́ rẹ̀, ó ra ilẹ̀ bí éékà méjì létí ibi tí wọ́n ti wa kùsà rí. Kòtò ńlá kan wà nínú ilẹ̀ náà. Omi ti kún un láti ọjọ́ pípẹ́, ó ti di adágún.

Ní ọdún tó kọjá, Bàbá Bùkúrù, ẹ̀gbọ́n Màmá, pe gbogbo ẹbí jọ. Ó ní tánganran ti gbówó lórí, kò sì bójú mu kí àwọn ọmọ ẹni tó nilẹ̀ máa wo owó nínú omi. Ó ní kí àwọn márùn-ún mú mílíọ̀nù méjì náírà wá lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ra ẹ̀rọ tí yóò fa omi náà jáde, wọ́n á gba àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n á sì tún kòtò náà ṣí. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni. Owó ìfẹ̀yìntì tó ti ń retí ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ó ní kó fi ohùn síta kí gbogbo wa lè gbọ́.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Bùọ̀dá mi ní owó wà níbẹ̀. Ẹ bá mi wò ó dáadáa, kí n má fi ọwọ́ ara mi ṣe ara mi.”

A sọ fún un pé, “Màmá, Yorùbá là ń kà o.” Ó ní, “Ṣé Yorùbá kì í ka owó ni?”

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe wọ ọkọ̀ lọ sí Bùkúrù nígbà ìsinmi. Ọ̀kan nínú wa tí kò tíì kọjá Ìlọrin rí ló kọ́kọ́ rí i pé òtútù Jọ́ọ̀sì kì í ṣe àsọdùn. Kí a tó lọ, a bi ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta léèrè ohun tí a ó ṣe. Ó ní kí a má ṣe kọ́kọ́ béèrè iye tí tánganran jẹ́ lọ́jà. Ó ní kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tó mú kí àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó ẹrù wọn. Tí a bá ti mọ ohun tó pa ibi ìwakùsà, kí a wá wò ó bóyá nǹkan náà ti kúrò lọ́nà. Ìmọ̀ràn yìí ló gbé wa dé ibi tí a dé.

Ìtàn ibẹ̀ gùn. Kí àwọn Òyìnbó tó dé, àwọn ènìyàn ti ń yọ́ tánganran ní Riruwai nílẹ̀ Kánò, wọ́n sì ń tà á. Ohun tí àwọn Òyìnbó rí lọ́jà ni wọ́n tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi dé òkè Jọ́ọ̀sì. Ní 1914, ọ̀nà ojú irin kékeré láti Zaria dé Jọ́ọ̀sì. Ní 1927, ọ̀nà ńlá tó ti Port Harcourt wá gba Kafanchan náà débẹ̀. Ọ̀nà ojú irin yìí àti tánganran ló kó oríṣiríṣi ènìyàn jọ sí ìlú náà, àwọn tiwa wà lára wọn.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó débẹ̀ ló finú fẹ́dọ̀ wá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí Japan gba Màléṣíà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1942, ibi tí wọ́n ti ń rí tánganran jù bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n yíjú sí Jọ́ọ̀sì. Wọ́n fi ipá kó ọkùnrin tó ju 100,000 lọ láti oríṣiríṣi agbègbè ní Àríwá wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Oúnjẹ kò tó, ibùgbé kò dára, òtútù ń pa wọ́n, ọ̀pọ̀ ló kú. Nígbà tó di àwọn ọdún 1950, kọ̀lọ́ḿbáìtì tó máa ń bá tánganran rìn di ohun tí Amẹ́ríkà ń wá kiri fún irin ẹ́ńjìnnì bàálù, Nàìjíríà ló sì ń pèsè rẹ̀ jù lọ lágbàáyé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ tánganran sí Jọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Owó ìgbà yẹn ni Bàbá Bùkúrù ń rántí.

Ohun kan tún wà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kò lè fò dá. Àwọn Haúsá ń pe tánganran ní kuza. Àwa náà ń sọ pé a ń wa kùsà, ì báà jẹ́ góòlù, ì báà jẹ́ èédú. Kò sí olùkọ́ tó sọ ọ́ fún wa ní kíláàsì, ṣùgbọ́n lójọ́ tí a jókòó sétí adágún yẹn, tí a ń gbọ́ bí àwọn tó ń fọ iyanrìn ṣe ń pe ọ̀rọ̀ náà, a wo ojú ara wa. Ó jọ pé àwọn bàbá wa tó lọ ta aṣọ níbẹ̀ kò kó owó nìkan bọ̀ wálé.

Kí ló wá pa á? Ohun mẹ́ta la rí.

Àkọ́kọ́ ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Tánganran Jọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́kọ́ wà kò sí nínú àpáta. Ojo àti odò ayé àtijọ́ ti fọ̀ ọ́ kúrò nínú àpáta, wọ́n kó o jọ sínú iyanrìn ojú odò. Ìyẹn rọrùn láti wà. Ṣùgbọ́n ibi tó ti pọ̀, tí kò sì jìn, ni ẹnikẹ́ni máa ń kọ́kọ́ wà. Èyí tó kù wà ní ibi tó tín-ín-rín, tàbí lábẹ́ òkúta dúdú líle tí òkè iná tú dà sórí àwọn odò náà. Tánganran kì í hù bí ewé. Ohun tí wọ́n kó lọ ti lọ.

Èkejì ni owó ọjà. Ìgbìmọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè kan wà nígbà náà tó ń ra tánganran tó bá ṣẹ́kù lọ́jà kí owó rẹ̀ má baà já. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá, ọdún 1985, owó tán lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ náà. Ọjà London dá títà tánganran dúró. Tọ́ọ̀nù kan tó ju £8,000 lọ tẹ́lẹ̀ kò tó £4,000 mọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ibi ìwakùsà kógbá sílé ní Màléṣíà, ní Bolivia, ní Cornwall nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ní tiwa níbí.

Ẹ̀kẹta ni pé owó epo rọ̀bì ti gba ọkàn ìjọba kúrò lára ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Jọ́ọ̀sì. Ẹ̀rọ ń gbó, ẹnikẹ́ni kò ra tuntun.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó ọjà nìkan ló ti yí padà ní tòótọ́. Tánganran ni wọ́n fi ń lẹ àwọn nǹkan kéékèèké inú fóònù àti kọ̀ǹpútà mọ́ra, iṣẹ́ yìí ló ń gba nǹkan bí ìdajì tánganran ayé. Òótọ́ ni Bàbá Bùkúrù sọ pé ó ti gbówó lórí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò padà kún.

A kò fẹ́ kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, nítorí náà a wa kòtò ìdánwò mẹ́rin yí adágún náà ká. Bàbá arúgbó kan, ọmọ Berom, tó ti ń fọ kùsà láti kékeré ló ràn wá lọ́wọ́. Èdè Haúsá ni òun àti ọ̀rẹ́ wa fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ó fi igbá fọ iyanrìn náà nínú omi. Omi gbé iyanrìn lásán lọ, èyí tó dúdú tó sì wúwo dúró sí ìsàlẹ̀ igbá. Tánganran wúwo ju iyanrìn lọ ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀, òun ni kì í fi í bá omi lọ. Lẹ́yìn náà, ó fi òòfà fa èyí tó jẹ́ irin kúrò. A wọn ohun tó kù lórí òṣùwọ̀n tí a yá lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ta ata.

Ẹ jẹ́ ká pe ilẹ̀ tí gígùn rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ àti jíjìn rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan ní àpótí kan. Ó tó nǹkan bíi bárò mẹ́rìndínlógún. Nínú àpótí iyanrìn kan, kòtò àkọ́kọ́ fún wa ní gíráàmù 200. Èkejì fún wa ní 150. Ẹ̀kẹta fún wa ní 620, a fò sókè. Ẹ̀kẹrin fún wa ní 90. Tí a bá pín in dọ́gba, gíráàmù 265 ló bọ́ sí àpótí kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó ń ra kùsà lọ́wọ́ àwọn awakùsà lọ́sẹ̀ tí a débẹ̀ ń san ₦18,000 lórí kílò kan. Gíráàmù 265 yóò mú ₦4,770 wá.

Ó ku ìnáwó. Kí ọwọ́ tó tẹ iyanrìn tó ní tánganran, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó ilẹ̀ pupa tí kò ní nǹkan kan nínú kúrò lórí rẹ̀. A wọ̀n ọ́n nínú àwọn kòtò wa. Fún àpótí iyanrìn kan, àpótí ilẹ̀ lásán mẹ́ta ni a kó. Ìyẹn jẹ́ mẹ́rin. Òṣìṣẹ́ tó lágbára kó àpótí méjì lóòjọ́, ₦5,000 sì ni owó iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì nìyẹn, ₦10,000. Dísù tí ẹ̀rọ ìfami yóò mu àti owó àwọn tí yóò fọ iyanrìn, a ṣírò rẹ̀ sí ₦2,500 lórí àpótí kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦12,500.

Ẹ wò ó. A ná ₦12,500, a pa ₦4,770. Bí àpótí kan ti ń jáde ni ₦7,730 ń wọlẹ̀. A kò tíì ka owó ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi mílíọ̀nù mẹ́wàá yẹn rà o. Kòtò kẹta tí a fò sókè fún pàápàá, gíráàmù 620 rẹ̀ jẹ́ ₦11,160, kò tíì tó owó tí a ná. Kí ọwọ́ tó kan ẹnu lásán, àpótí kan gbọ́dọ̀ fún wa ní nǹkan bíi gíráàmù 695.

A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí a mọ ara wa nídìí ìṣirò. Ohun kan náà ló ń bọ́ sí.

Ọ̀kan nínú wa wá béèrè ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo wa ti béèrè. Ó ní, “Bí ó bá jẹ́ pé àdánù ni, kí ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọ̀nyẹn ń ṣe níbẹ̀?” Lóòótọ́, lódìkejì adágún náà, àwọn ọ̀dọ́kùnrin bíi mẹ́wàá ń wa kùsà lójoojúmọ́ pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Bàbá Bùkúrù ti nàka sí wọn fún Màmá. Ó ní bí kò bá lérè, ṣé wọ́n á máa jí lọ síbẹ̀ ni?

A lọ bá wọn. Wọ́n kò ra ẹ̀rọ, wọn kò san owó òṣìṣẹ́, àwọn fúnra wọn ni òṣìṣẹ́. Wọn kì í fọwọ́ kan ibi tó tín-ín-rín. Ibi tó bá dà bíi kòtò wa kẹta nìkan ni wọ́n ń wà, tó bá ti tán, wọ́n á ṣí lọ. A ṣírò tiwọn. Ẹni tó bá dá wa àpótí mẹ́rin fún ọjọ́ méjì níbi tó ti dára, ₦11,160 ló ń rí, ₦5,580 lóòjọ́ kan. Ìyẹn ju iṣẹ́ lébìrà lọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ní kí òun wa gbogbo ilẹ̀ náà bó ṣe wà, ₦2,385 ni yóò máa rí lóòjọ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun ni kì í fi í wa gbogbo rẹ̀.

Ibí yìí ni ojú wa là. Pé ẹnì kan ń rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ nínú kòtò kò túmọ̀ sí pé ẹni tó bá gbé mílíọ̀nù mẹ́wàá lé e lórí yóò jèrè. Ẹni tó ń ṣa á ṣà lè sá kúrò níbẹ̀ lọ́la. Ẹni tó ti ra ẹ̀rọ kò lè sá.

A gbé ìṣirò náà lọ bá Bàbá Bùkúrù kí a tó fi han Màmá. A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, ó ní ká jókòó. Ó fara balẹ̀ gbọ́ wa. Ó ní, “Ẹ lo katakata dípò ọwọ́.” A ti ro ìyẹn náà. Bí katakata bá tilẹ̀ dín ìnáwó kù sí ìdajì, ₦6,250 ṣì ju ₦4,770 lọ. Katakata yóò jèrè lórí kòtò kẹta, ṣùgbọ́n éékà méjì kò tó ilẹ̀ tí ẹ̀rọ ńlá fi ń yí padà. Ó ní, “Owó ọjà á tún gòkè.” A ní, “Bàbá, ó gbọ́dọ̀ kọjá ₦47,000 lórí kílò kan kí ilẹ̀ yìí tó lè gbé ara rẹ̀.” A tún rán an létí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2022. Ní oṣù kẹta ọdún náà, tọ́ọ̀nù tánganran kan kọjá $48,000 lọ́jà London. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá, kò tó $20,000. Ẹni tó bá fi owó oṣù kẹta ra ẹ̀rọ, owó oṣù kọkànlá ló máa fi san gbèsè.

Bàbá dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an. Ó ní akọ̀wé ni òun ní ilé-iṣẹ́ ìwakùsà kan títí di àárín àwọn ọdún 1980. Ó ní lójoojúmọ́, ìró ẹ̀rọ ló ń jí àwọn. Ní ọjọ́ kan, ìró náà dákẹ́, kò sì tún dún mọ́. Ó ní, “Ẹ̀yin ò mọ bí ìlú ṣe máa ń rí tí iṣẹ́ bá kú níbẹ̀.” A kò ní èsì. Kò sí ibi tí a lè kọ ìyẹn sí nínú ìwé ìṣirò wa, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ó jẹ́ òótọ́.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kò kà mọ́ ìnáwó náà. Èkíní, ìwé ilẹ̀ tí bàbá àgbà fi sílẹ̀ kò fún ẹbí ní ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Òfin ìwakùsà Nàìjíríà ti 2007 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wà á níwọ̀nba gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ tó máa ń wà fún ọdún márùn-ún kí ó tó tún un gbà, ó sì gbọ́dọ̀ fi hàn bí òun ṣe máa tún ilẹ̀ náà ṣe. Ẹbí kò tíì gba nǹkan kan.

Èkejì, adágún yẹn kì í ṣe òfo. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn obìnrin ń dáko yí i ká. Wọ́n ń fi omi rẹ̀ bomi rin pòtétò, tòmátì àti kábéèjì, wọ́n sì ń san owó ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ẹbí. Bí ẹ̀rọ bá fa omi náà gbẹ, oko ti tán. Obìnrin kan bi wá tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ bóyá kó ra irúgbìn lọ́dún yìí tàbí kó má rà á. A kò mọ ohun tí a máa sọ fún un. Òun náà ní owó nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pè é sí ìpàdé ẹbí.

Ẹ̀kẹta ni iyanrìn dúdú tó máa ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mú tánganran kúrò. Mónásáìtì wà nínú rẹ̀, thorium sì wà nínú mónásáìtì, ìtànṣán rẹ̀ kò dára fún ara. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn ti fi irú iyanrìn bẹ́ẹ̀ mọ búlọ́ọ̀kù ilé ní àgbègbè yẹn rí. Òkìtì kan wà lẹ́yìn ilé tí a sùn, àwọn ọmọdé ń gun orí rẹ̀ ṣeré. Bí a bá tún kòtò ṣí, òkìtì á pọ̀ sí i. Ta ni yóò san owó kíkó rẹ̀ kúrò?

Ṣé ohun tí à ń sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má tún ibi ìwakùsà àtijọ́ kankan ṣí mọ́? Rárá o. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ tó gbòòrò, tó ti fi ẹ̀rọ lu ihò wo ohun tó wà lábẹ́ òkúta dúdú yẹn, tó lè ta kọ̀lọ́ḿbáìtì àti sírkọ́ọ̀nù mọ́ tánganran, tó sì ní owó tó lè dúró de ọjọ́ pípẹ́, ó lè jèrè ní Jọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé owó ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Ẹ wo South Crofty ní Cornwall, tí wọ́n tì ní 1998. Àwọn tó fẹ́ tún un ṣí ní láti kọ́kọ́ kọ́ ibi tí wọ́n á ti máa tọ́jú omi ẹlẹ́gbin, 2023 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi inú rẹ̀ jáde. Gbogbo ìyẹn, kí ẹyọ tánganran kan tó jáde. Owó àwọn olùdókòwò ló ń ṣe é, àwọn tí wọ́n mọ̀ pé ó lè wọlẹ̀. Kì í ṣe owó tíṣà tó fẹ̀yìn tì.

Nígbà tí a délé, a kọ gbogbo rẹ̀ sí ojú ìwé kan ṣoṣo fún Màmá. Ó kà á ní ilé ìdáná, ó fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń máàkì iṣẹ́ àṣetiléwá. Nígbà tó parí, ìbéèrè kan ló bi wá.

“Bí ẹ bá ṣì í ńkọ́?”

A ti retí ìbéèrè yẹn. A ní, “Màmá, kòtò mẹ́rin péré la wà, a lè ṣì í. Tó bá jẹ́ àwa la ṣì í, èrè kan á kọjá yín. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Bàbá ló ṣì í, owó tí ẹ fi ọdún márùndínlógójì ṣiṣẹ́ fún ló lọ yẹn. Àìrí èrè yàtọ̀ sí kí owó ẹni run.”

Ó ká ìwé náà, ó fi sínú Bíbélì rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. A kò gbọ́ ohun tí Bàbá sọ, ṣùgbọ́n a gbọ́ Màmá tó ń wí pé, “Ẹ má bínú, Bùọ̀dá mi. Ẹ má bínú,” léraléra.

Bàbá bínú. Wọ́n sọ fún wa pé ó ní, “Àwọn ọmọ tó ń ka Yorùbá ló wá ń kọ́ mi ní kùsà?” Láti ìgbà náà, kì í gbé fóònù ọ̀rẹ́ wa. Ẹni méjì nínú ẹbí ti mú owó wá, wọ́n sì ti ra ẹ̀rọ ìfami. Nígbà tí à ń kọ èyí, wọn kò tíì fa omi, wọ́n ṣì ń wá ìwé àṣẹ. Obìnrin yẹn ti gbin pòtétò rẹ̀.

Inú wa kò dùn tán. A pa owó Màmá mọ́, ṣùgbọ́n àárín tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti dàrú díẹ̀, ìyẹn náà jẹ́ ìnáwó tí a kò kọ sínú ìwé. Bí owó tánganran bá lọ fò sókè lọ́la tí Bàbá sì jèrè, a ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, a ó sì bá a yọ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n bí Màmá bá tún bi wá lónìí, èsì kan náà ni a ó fún un.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni ẹbí yín ní irú ilẹ̀ báyìí, yálà kùsà ni o, tàbí oko kòkó tó ti di igbó, tàbí ilé ìtẹ̀wé bàbá àgbà. Kí ẹnikẹ́ni tó dá owó, ẹ béèrè ohun tó mú kí wọ́n tì í. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ibi mẹ́rin, kì í ṣe ibi kan tó dára jù. Ẹ ka owó iṣẹ́ yín mọ́ ọn. Kí ẹ sì béèrè ẹni tó ń jẹun níbẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá rí ibi tí ìṣirò wa ti wọ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ó kọ̀wé sí wa. Màmá ṣì ní ìwé náà nínú Bíbélì rẹ̀, àyè wà lẹ́yìn rẹ̀ láti ṣe àtúnṣe.

Ó dàbọ̀ ná.